Bí Ẹ Ṣe Máa Múra Ilé Sílẹ̀ Kí Ìjì Òjò Tó Gbé Iná Lọ

"Ínfátà wo ni kí n rà?" Bí oṣù kejì bá ti ń parí báyìí, ìbéèrè tí àwọn èèyàn ń bi mí jù nìyẹn, láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ṣágámù. Ìbéèrè náà dáa, àmọ́ ìparí ló yẹ kó wà. Ẹni tó ra ínfátà olówó ńlá, tí igi máńgòrò ṣì fara ti wáyà rẹ̀, tí kò sí omi nínú dúrọ́ọ̀mù rẹ̀, tó sì ń gbé ẹ̀rọ amúnáwá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò tíì múra ohunkóhun. Ẹ jẹ́ ká tò ó bó ṣe yẹ kó tò.

Ìjì ló ń já wáyà wa níhìn-ín. Èyí tó ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀ ní oṣù kẹta sí ìkẹrin ló burú jù, èyí tó ń bá àrọ̀kúrò wá ní oṣù kẹwàá sì tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè tàbí Ìkẹ́nnẹ́, níbi tí igi kòkó, igi obì àti igbó ti sún mọ́ wáyà ńlá, mọ̀ pé bí òpó bá ti wó, ọ̀rọ̀ náà kọjá wákàtí díẹ̀. Ó lè di ọjọ́ mẹ́ta, ó lè di ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyẹn ni kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ ṣe ń múra.

## Kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé: ẹ yí ilé ká

Ẹ ṣe é ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ilẹ̀ gbẹ. Kò ju wákàtí kan lọ.

1. Ẹ dúró nídìí òpó, kí ẹ fi ojú tẹ̀ lé wáyà títí dé ibi tó ti wọ ilé. Ẹ̀ka igi wo ni atẹ́gùn lè gbá mọ́ ọn? Ẹ sàmì sí i.
2. Igi tó jìnnà sí wáyà ni ẹ lè gé fúnra yín. Èyí tó ti kan wáyà, tàbí tó lè ṣubú lù ú bí ẹ bá ń gé e, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án. Ẹ lọ sọ fún ọ́fíìsì IBEDC, ilé iṣẹ́ tó ń pín iná, tó wà ládùúgbò yín, kí wọ́n pa iná kí wọ́n tó gé e. Bí CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, bá bá yín kọ lẹ́tà sí i, ọ̀rọ̀ náà máa ń tètè wọlé ju ti ẹnì kan lọ.
3. Ẹ wo ìdí òpó tó bá jẹ́ igi. Bí ikán bá ti jẹ ẹ́, tàbí tó ti tẹ̀ síbì kan, ẹ yà á ní fọ́tò, kí ẹ fi kún lẹ́tà yẹn.
4. Ẹ wo òrùlé. Páànù tí ìṣó rẹ̀ ti tú lè fò lọ sórí wáyà aládùúgbò. Ẹ kàn án padà.
5. Ẹ pe rẹ́wáyà tó mọṣẹ́ kó wo ibi tí wáyà ti wọlé, àti wáyà tó ń gbé iná wọ ilẹ̀. Oríkèé tí wọ́n fi ọ̀rá wé, tí omi òjò ń wọ̀, ibẹ̀ ni iná ti sábà máa ń ṣẹ́.
6. Bí mítà yín bá jẹ́ èyí tí ẹ ń ra káàdì sí, ẹ rà á sílẹ̀ kí ó pọ̀ díẹ̀. Nígbà tí iná bá padà dé lóru, tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò sí, ẹ ò ní rí ibi rà á.

Àṣìṣe tó ń pa èèyàn: kí ẹ fún ọmọ àdúgbò kan lówó kó gun òpó lọ so wáyà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Igi tútù ń gbé iná, àkàbà irin ń gbé iná. Iná tí ẹ sì rò pé kò sí lórí wáyà lè dé nígbà tí ọwọ́ ọmọ náà ṣì wà lórí rẹ̀.

Nípa igi gígé, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Igi àgbálùmọ̀ kan wà lẹ́yìn ilé wa tí a ń sọ lọ́dọọdún pé a máa gé. Ìjì oṣù kẹrin kan fa ẹ̀ka rẹ̀ ya, ó sì já wáyà méjèèjì bọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ 11 la fi wà nínú òkùnkùn. Ẹja tí ìyá mi kó sí firísà láti máa tà díẹ̀díẹ̀, ẹ̀yìnkùlé la sin ín sí. Owó tí à bá fi gé igi yẹn kò tó owó páálí ẹja kan.

## Ẹ kọ ohun tí kò gbọdọ̀ kú

Ẹ mú bébà, kí ẹ kọ ohun tó nílò iná nínú ilé. Ẹ fi àmì sí èyí tí ẹnì kan lè tìtorí rẹ̀ ṣàìsàn bí iná kò bá sí fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́pọ̀ ilé, àmì yẹn kì í ju méjì tàbí mẹ́ta lọ, tẹlifíṣọ̀n kì í sì í sí níbẹ̀.

- Oògùn inú fíríìjì. Insulin (oògùn àtọ̀gbẹ) tí ẹ kò tíì ṣí, ibi tó tutù láàárín 2°C sí 8°C ni ààyè rẹ̀. Èyí tí ẹ ti ṣí, tí ẹ ń lò lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ló lè wà níta fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bí ooru ibẹ̀ kò bá kọjá ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé tó wà nínú páálí rẹ̀. Ẹ ka ìwé yẹn nísinsìnyí tí iná ṣì wà. Má ṣe jẹ́ kí insulin kan yìnyín. Bó bá dì, ó ti bà jẹ́ nìyẹn.
- Ẹ̀rọ tí aláìsàn fi ń mí. Ẹ bá dókítà sọ ọ́ ṣáájú, kí ẹ sì mọ ilé ìwòsàn tí ẹ máa gbé e lọ bí iná bá kọjá wákàtí díẹ̀, bóyá ti ìjọba ní Ìjẹ̀bú-Òde ni o, tàbí OOUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ, ní Ṣágámù. Bátìrì ilé nìkan kò tó gbójú lé fún ẹ̀mí èèyàn.
- Omi, bó bá jẹ́ pé sùmó ló ń fà á.

## Omi

Èyí ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé jù, nítorí pé wọn kò ka omi mọ́ ohun tí NEPA ń gbé lọ. Bí iná kò bá sí, sùmó kò ní ṣiṣẹ́. Táńkì orí òpó yóò gbẹ ní ọjọ́ kejì, pàápàá ní ilé tí àwọn ayálégbé pọ̀ sí.

1. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú lọ́sàn-án, ẹ tan sùmó kí táńkì kún. Ẹ má dúró dìgbà tó bá lọ sílẹ̀.
2. Ẹ ní dúrọ́ọ̀mù kan tàbí kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin tí ẹ kì í fọwọ́ kàn lójoojúmọ́. Ẹ pààrọ̀ omi rẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì-méjì, kí ẹ sì dé e, torí ẹ̀fọn.
3. Bí kànga bá wà nínú ọgbà, ẹ wo okùn àti korobá ìfami rẹ̀. Kànga mélòó la ti dé pa láti ìgbà tí sùmó ti dé? Ẹ ṣí i, kí ẹ fọ̀ ọ́.
4. Omi òjò orùlé dára fún ìfọṣọ àti ilé ìyàgbẹ́. Ẹ jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ fọ páànù fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó gbé nǹkan sí i. Bí ẹ bá fẹ́ mu ún, ẹ sè é kó hó dáadáa.

## Firísà àti oúnjẹ

Àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ ní Amẹ́ríkà sọ pé firísà tó kún, tí ẹnikẹ́ni kò ṣí, lè mú òtútù rẹ̀ dúró fún wákàtí 48. Èyí tó kún dé ìdajì, wákàtí 24. Fíríìjì lásán, wákàtí 4 péré. Pẹ̀lú ooru tiwa, àti àwọn ọmọ tó ń ṣí i wò, èmi kì í gbójú lé e ju ọjọ́ kan lọ.

Kí ìjì tó dé:

- Ẹ fi ike omi kún gbogbo ààyè tó ṣófo nínú firísà, kó dì. Firísà tó kún máa ń pẹ́ kí yìnyín rẹ̀ tó yọ́.
- Ẹ to ẹja àti ẹran mọ́ra wọn sí ìsàlẹ̀.
- Ẹ fi omi díẹ̀ sínú ife kan, kó dì, kí ẹ wá gbé kọ́bọ̀ àtijọ́ kan tàbí òkúta wẹ́wẹ́ lé e lórí. Bí ẹ bá dé láti ìrìn àjò, tí ẹ bá òkúta náà nísàlẹ̀ ife, ohun tó wà nínú firísà ti yọ́ kó tó tún dì. Ẹ má jẹ ẹ́.

Bí iná bá ti lọ tó wákàtí mẹ́fà, tí ẹ kò sì mọ ìgbà tó máa dé, ẹ pinnu lójú ẹsẹ̀. Ẹja tí yìnyín ṣì wà lára rẹ̀ ni ẹ lè yan. Ẹ má dúró dìgbà tó bá rọ̀. Àwọn ìyá wa mọ èyí kí firísà tó dé ilẹ̀ yìí: ṣawá yíyan ni wọ́n fi ń se ìkọ́kọrẹ́, kò sì bà jẹ́. Ẹran tí ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ju wákàtí méjì lọ, bó bá rùn bí kò bá rùn, ẹ dà á nù. Òórùn kọ́ la fi ń mọ ohun tó ń fúnni ní ìgbẹ́ gbuuru.

Fún ọ̀sẹ̀ tí ìjì bá pọ̀, oúnjẹ tí kò nílò fíríìjì ni kí ẹ rà sílé. Ewùrà lódidi, kókò fún èbìrìpò, ẹ̀wà, ẹja gbígbẹ, àti gàrí Ìjẹ̀bú tí kò tilẹ̀ bèèrè iná ìdáná. Ẹ wo sílíńdà gáàsì pẹ̀lú. Bí ẹ bá máa fi èédú dáná nítorí òjò, ìta tàbí abẹ́ àtíbàbà ni kó wà. Éédú inú yàrá ń pa èèyàn bí èéfín ẹ̀rọ amúnáwá ṣe ń pa á.

Àwọn kan ti bi mí nípa ìkòkò méjì tí wọ́n ń ti iyanrìn tútù sáàárín wọn láti mú oúnjẹ tutù, èyí tí Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan láti Àríwá Nàìjíríà, fi gba ẹ̀bùn Rolex ní ọdún 2000. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní Àríwá lọ́hùn-ún níbi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ. Ní Ìjẹ̀bú, nígbà òjò, afẹ́fẹ́ ti kún fún omi, omi ara ìkòkò kì í sì í gbẹ kíá kó tó lè tutù. Ẹ fi í sílẹ̀ di ìgbà ọyẹ́.

## Ìmọ́lẹ̀ àti fóònù

Fìtílà sólà kan fún yàrá kọ̀ọ̀kan, tọ́ọ̀ṣì kan lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, níbi tí gbogbo ará ilé mọ̀. Bí àbẹ́là nìkan ló wà, ẹ gbé e sínú àwo tí iyanrìn wà, kó jìnnà sí kọ́tìnnì àti àwọ̀n ẹ̀fọn, kí ẹ sì pa á kí ẹ tó sùn.

Power bank 10,000 mAh kì í gbé fóònù 5,000 mAh dé ìgbà méjì. Ìgbà kan àti díẹ̀ ni, torí díẹ̀ máa ń sọnù lójú ọ̀nà. Èyí tí wọ́n kọ 50,000 sí lára, tó sì fúyẹ́ bí ìwé, irọ́ ni. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹbí, ti rẹ́wáyà àti 112 ti pàjáwìrì sórí bébà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

## Ẹ̀rọ amúnáwá: ibi tí ẹ gbé e sí ló ṣe pàtàkì jù

Èéfín ẹ̀rọ amúnáwá ní afẹ́fẹ́ kan tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn. Ẹni tó bá ń sùn kò ní jí láti sá fún un. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ìdílé fi máa ń kú pọ̀ lóru ọjọ́ òjò, nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ wọlé kí omi má bàa pa á.

1. Ẹ gbé e jìnnà sí ilé ní mítà mẹ́fà ó kéré tán, kí ẹnu ibi tí èéfín ti ń jáde kọjú sí ìta. Kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀, kì í ṣe bálíkónì, kì í ṣe kíṣìnnì tí a ṣí fèrèsé rẹ̀.
2. Ẹ ronú nípa fèrèsé aládùúgbò pẹ̀lú. Mítà mẹ́fà sí tiyín lè jẹ́ mítà kan sí tirẹ̀.
3. Ẹ fi páànù kan bò ó lórí láti fi gba òjò, kí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣí sílẹ̀, kí ẹ sì gbé e lé orí búlọ́ọ̀kù.
4. Ẹ má da epo sí i nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ṣì gbóná. Ẹ pa á, kí ẹ jẹ́ kó tutù. Kẹ́ẹ̀gì epo kò gbọdọ̀ sùn nínú ilé.
5. Changeover, ìyẹn súwíìṣì tó ń yí ilé láti iná òpó sí iná ẹ̀rọ, ni kí rẹ́wáyà fi so ó mọ́ ilé. Wáyà olórí méjì tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ń dá iná padà sórí òpó, ó sì lè pa òṣìṣẹ́ tó ń tún wáyà àdúgbò yín ṣe lọ́wọ́.

Bí orí bá ń fọ́ gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà, tí òòyì ń kọ́ wọn, tí èébì ń gbé wọn, ẹ má wá paracetamol. Ẹ kó gbogbo èèyàn jáde sí gbangba, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ.

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, kò sí ẹni tó ń tan ẹ̀rọ mọ́jú mọ́ lásán. Ẹ tàn án fún wákàtí méjì láàárọ̀ àti wákàtí méjì lálẹ́. Láàárín wákàtí yẹn ni kí ẹ jẹ́ kí firísà tutù, kí ẹ fa omi, kí ẹ gba fóònù lágbára, ṣùgbọ́n ẹ má tan sùmó àti firísà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour" kò lè gbé firísà: nígbà tí mọ́tò firísà bá ń ta, ìlọ́po iná tó fi ń ṣiṣẹ́ ló ń fà.

## Wàyí o, ínfátà

Ẹ má bi ọlọ́jà pé èwo ló dáa. Ẹ ṣe ìṣirò tiyín lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé kan ṣe àpẹẹrẹ. Gílóòbù LED mẹ́rin jẹ́ wáàtì 40. Fáànù kan, 60. Tẹlifíṣọ̀n àti dikódà rẹ̀, 65. Fóònù méjì, 30. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wáàtì 195. Láti aago méje sí aago mọ́kànlá alẹ́, wákàtí mẹ́rin, ìyẹn fún wa ní wáàtì-wákàtí 780 (195 lọ́nà 4). Lẹ́yìn náà, fáànù kan àti gílóòbù kan di aago mẹ́fà ìdájí: 70 lọ́nà 7, ó jẹ́ 490. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,270.

Bátìrì olómi kan, 12V 200Ah, gba wáàtì-wákàtí 2,400 (12 lọ́nà 200). Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́, ẹ má lò ju ìdajì lọ, ìyẹn 1,200. Ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ díẹ̀, bíi 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ó wá ku 1,020 fún ilé. Bátìrì kan kò gbé ilé yìí mọ́jú, bó ti wù kí ọlọ́jà búra tó. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ ti yọ 260 nìyẹn. Ó ku 1,010, bátìrì kan náà á sì gbé e. Ìpinnu tí ìdílé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jókòó ṣe nìyẹn: tẹlifíṣọ̀n ni, tàbí bátìrì kejì?

Bátìrì lithium gbówó lórí, ṣùgbọ́n ẹ lè lo bíi 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ láìbà á jẹ́. Ẹni tó bá lágbára rẹ̀, òun ni mo máa ní kó rà.

Ohun tí ẹ máa ṣọ́:

- Áyọ́ọ̀nù, kẹ́tù àti ẹ̀rọ omi gbígbóná kò gbọdọ̀ wọ ínfátà. Áyọ́ọ̀nù kan ju wáàtì 1,000 lọ.
- Sólà kì í ríṣẹ́ ṣe dáadáa ní oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án, tí kùrukùru bá bo ojú ọ̀run. Bí iye pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n kà fún yín bá jẹ́ ti oṣù kìn-ín-ní, ẹ fi kún un.
- Bátìrì olómi nílò omi bátìrì. Ẹ wò ó lóṣooṣù, kó wà níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, kì í ṣe abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Tí owó kò bá tó, fìtílà sólà mẹ́ta, power bank gidi kan àti fáànù tí wọ́n ń gbà lágbára yóò gbé ìdílé kékeré kọjá ọ̀sẹ̀ kan. Mo ti rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè tó fi ìwọ̀nyí ka ìwé ìdánwò já.

## Nígbà tí ìjì bá ń jà

1. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì tẹlifíṣọ̀n, fíríìjì, ínfátà àti okùn áńtẹ́nà kúrò kí mànàmáná tó sún mọ́lé. Kí ẹ pa súwíìṣì nìkan kò tó.
2. Bí wáyà bá já sílẹ̀, ẹ dúró jìnnà ní mítà mẹ́wàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkùnkùn wà ní àdúgbò. Ẹ má fi igi gbé e kúrò, ẹ má rìn nínú omi tó bá yí i ká.
3. Bí ẹ bá ti sún mọ́ ọn kí ẹ tó rí i, ẹ má sáré. Ẹ so ẹsẹ̀ pọ̀, kí ẹ máa wọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ lọ sẹ́yìn.
4. Ẹ yan àgbàlagbà kan sí ìkángun méjèèjì ọ̀nà náà kó máa dá àwọn ọmọ àti ọlọ́kadà dúró, kí ẹ sì pe ọ́fíìsì iná.

## Nígbà tí iná bá dé

Ariwo "ọ́p NEPA!" ni àkókò tí nǹkan ń jó jù. Iná àkọ́kọ́ tó bá dé lẹ́yìn àtúnṣe lè pọ̀ jù, ó sì lè wá kó tún lọ lẹ́ẹ̀mẹta.

1. Ẹ jẹ́ kí gílóòbù kan ṣoṣo tàn. Bó bá tàn jù, tàbí tó ń ṣẹ́jú, ẹ pa súwíìṣì ńlá ilé.
2. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
3. Ẹ kọ́kọ́ fi firísà sí i, lórí sitabiláísà. Ẹ tún dúró díẹ̀, kí ẹ tó fi sùmó sí i.
4. Ẹ fi ínfátà sí iná kí bátìrì kún, nítorí iná náà lè má sùn.
5. Ẹ yẹ ife òkúta inú firísà wò kí ẹnikẹ́ni tó mú ẹja jáde.